Ohun tí Àrùn Fi Sílẹ̀ Nínú Àyà: Ìtàn Èémí láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Brandywine

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn COVID-19 pa ní ìpínlẹ̀ náà. Ọkùnrin kan tí ó ti lé ní 60 ọdún ni, olùgbé Prince George's County sì ni. Láti ọjọ́ náà lọ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé iye náà jáde, tí wọ́n ń fi agbègbè kan wé òmíràn, títí ó fi hàn gbangba pé nínú gbogbo Maryland, Prince George's ni àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti kó àrùn náà pọ̀ sí jù lọ lọ́dún náà. Wọ́n tún ń kéde iye kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí: iye àwọn tí a ti tú sílẹ̀ kúrò ní ìyàsọ́tọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti bọ́ sí ìhà yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Àrùn lè máà tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: àwọn tí ibà ti lọ lára wọn, tí àyẹ̀wò kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan mọ́ nínú imú wọn, síbẹ̀ tí ikọ́ kò dá, tí àyà ń há, tí àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti ń gùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá di òkè ńlá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé wọ́n pọ̀ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ohun tí a yàn láti kà, ẹni tí a bi léèrè, àti irinṣẹ́ tí a fi ń wọn èémí ni ó mú wọn pòórá nínú ìtàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà ka ìlú Brandywine, ní gúúsù Prince George's, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé àìsàn ti tán. Bí ibà bá rọlẹ̀, a ó ní ara aláìsàn ti ń fúyẹ́. Bí ó bá ń jẹun, a ó ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ó lè dìde, kí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn àlejò máa kí i kú ewu, síbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má jẹ́ kí ó lọ sóko, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì le. Àárín yíyá àti líle yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ti fún un ní oríṣiríṣi orúkọ láti ìran dé ìran. Níhìn-ín, àṣẹ́kù àrùn ni n ó máa pè é, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ́ èdè lè rí ìtumọ̀ rẹ̀ láìwo ìwé.

Bí àṣẹ́kù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé, ó kéré tán ní apá kan. Fáírọ́ọ̀sì tí ó wọ ọ̀nà èémí máa ń ba awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ́ inú rẹ̀ jẹ́. Lára awọ náà ni àwọn irun kéékèèké wà tí ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku lọ sókè ọ̀fun; bí wọ́n bá ti bàjẹ́, ikọ́ nìkan ni ó kù tí ara lè fi gbá inú rẹ̀ mọ́. Àwọn iṣan tí ń ru ikọ́ sókè a sì di ẹlẹ́gẹ́, débi pé èéfín ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tútù, àní ẹ̀rín lásán, lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà gbà pé ó wọ́pọ̀ kí ikọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 8 lẹ́yìn òtútù tàbí inflúẹ́ńsà. Èyí tí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 8 lára àgbàlagbà ni wọ́n ń kà sí ikọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bí àrùn bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an, àpá lè kù níbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró nà bí ó ti yẹ. Àwọn oníṣègùn tí wọ́n tẹ̀lé àwọn tí àrùn SARS kọlù ní Hong Kong ní 2003 rí i pé lẹ́yìn odidi ọdún kan, agbára ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan nínú wọn kò tíì padà. COVID-19 wá fi ohun kan kún un tí ó dá iyàn sílẹ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè mí délẹ̀ ni fọ́tò àyà wọn mọ́ tónítóní. Bí fọ́tò bá mọ́, ta ni yóò gba ẹnu aláìsàn gbọ́?

Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́ kí COVID-19 tó dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi SS Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, inflúẹ́ńsà sì bá a wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn. Àwọn ará ìlú ń fi àwọn ènìyàn wọn pamọ́. Àwọn mìíràn sá kúrò ní Èkó, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, àrùn náà sì bá wọn wọ ọ ni. Láàrin oṣù díẹ̀ ó ti kárí orílẹ̀-èdè. Àwọn òpìtàn fojú dá a pé ó pa nǹkan bí 500,000 ènìyàn nínú Nàìjíríà tí àwọn olùgbé rẹ̀ tó mílíọ̀nù 18 nígbà náà. Iye òkú náà ni gbogbo ìwé ń tún sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kú bá tó ìdajì mílíọ̀nù, àwọn tí wọ́n ṣàìsàn tí wọn kò kú ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àyà tiwọn?

Ilé ìwòsàn ìjọba kò lè dá wa lóhùn, nítorí pé díẹ̀ ni ó dé ibẹ̀ nínú àwọn aláìsàn, ẹni tí ó bá sì ti lè rìn kì í padà lọ síbẹ̀ láti sọ pé òun ń kọ́. Oko ni mo rò pé a ti lè rí ìdáhùn díẹ̀. Ní 1981, òpìtàn Don Ohadike tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of African History, níbi tí ó ti sọ pé inflúẹ́ńsà 1918 wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀gẹ́ gbilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti mọ ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí. Iṣu ni oúnjẹ iyì. Iṣu sì ń fẹ́ agbára: a ó ṣán igbó, a ó kọ ebè, a ó ta iṣu lórí igi, a ó tún máa ro oko náà. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. A lè gbìn ín sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, a sì lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Lẹ́yìn àrùn náà, àwọn ọwọ́ tí yóò kọ ebè kò tó mọ́.

Ikú àwọn òṣìṣẹ́ ni a sábà máa ń rí kà nínú àlàyé yìí. Èmi fẹ́ kí a ka apá kejì sí i. Ẹni tí ó bá ti fi ọkọ́ kọ ebè rí mọ̀ pé èémí ni iṣẹ́ náà ń kọ́kọ́ ná, kí ó tó kan apá. Ọkùnrin tí ó yè nínú inflúẹ́ńsà ní oṣù Kọkànlá, tí àyà rẹ̀ ṣì ń há nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, kò sí nínú iye òkú, kò sì sí lórí ebè. Èrò tèmi ni èyí, kò sí ìwé oníṣirò kan tí mo lè fi tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a mọ̀ nípa àrùn náà mu, nítorí pé láti Yúróòpù dé Amẹ́ríkà ni àwọn dókítà ìgbà náà ti ń kọ̀wé nípa àwọn tí inflúẹ́ńsà fi àárẹ̀, ikọ́ àti àìlágbára sílẹ̀ lára wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sí ìdí kankan tí ẹ̀dọ̀fóró àgbẹ̀ ilẹ̀ wa yóò fi yàtọ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ibi kejì tí ó yẹ kí a yà sí. Nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's ní ìlú náà, àwọn kan kó ara wọn jọ fún àdúrà nígbà inflúẹ́ńsà, Joseph Shadare sì wà lára àwọn olórí wọn. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ ilé ìwé, darapọ̀ mọ́ wọn. Òun ni ó ń kéde pé kí àwọn ènìyàn fi omi òjò àti àdúrà wá ìwòsàn. Ẹgbẹ́ náà wá di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, wọ́n sì kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922, lórí ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti lílo oògùn. Gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church lónìí wà níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìjọ Aládùúrà kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgbàgbọ́, wọ́n sì tọ̀nà. Ohun tí ó ń jọ mí lójú ni ọjọ́ tí wọ́n lò. Àjàkálẹ̀ àrùn náà lọ láàrin oṣù díẹ̀; ẹgbẹ́ àdúrà kò tú ká. Ìjọba ka iṣẹ́ tirẹ̀ sí èyí tí ó parí nígbà tí ikú dín kù, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń wá ibi tí wọn yóò gbé ara tí kò tíì le lọ. Mi ò sọ pé àṣẹ́kù àrùn nìkan ni ó dá ìjọ kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajé tí ó dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ogun, àti àrùn eku tí ó jà ní Èkó láti 1924, ní ipa tiwọn nínú bí ìjọ ìwòsàn ṣe gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń bẹ ẹni tí ó là wò, tí ń bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ bí ó ti sùn àti bí ó ti jí, ń ṣe iṣẹ́ kan tí kò sí ẹ̀ka ìjọba kankan tí ń ṣe é nígbà náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń mú kí oníkọ́ pa ẹnu mọ́. Ní ilẹ̀ wa, ikọ́ tí ó bá pẹ́ ní orúkọ tí ó ń dẹ́rù bani: ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ ife. Títí di òní, òfin àwọn elétò ìlera ní Nàìjíríà ni pé kí ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Òfin tí ó dára ni, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé ọ̀sẹ̀ 2 kúrú ju ìgbà tí ikọ́ ẹ̀yìn inflúẹ́ńsà fi ń dúró lọ. Ẹni tí àrùn ti lọ lára rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìfura àrùn mìíràn, kí àwọn ará ilé máa ya ife àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kí ó lá oyin, kí ó jẹ orógbó, kí ó fi òrí tàbí róòbù pa àyà lóru, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí ó sọ̀rọ̀ síta. Àwọn ọmọ wa kó àṣà yìí bọ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú orógbó inú àpótí.

Prince George's pàápàá ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn Glenn Dale, ní apá àríwá county náà, tí ìjọba Washington kọ́ fún àwọn alárùn yìí, gba àwọn aláìsàn láti 1934 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn ilé rẹ̀ ṣì wà nínú igbó di àkókò tiwa. Ohun kan sì wà tí ó máa ń pa ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín: àdúgbò tí ó tẹ̀lé Brandywine ń jẹ́ T.B., bí àkékúrú tí òyìnbó ń pe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò kan àrùn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àdúgbò, àmì orúkọ Thomas Brooke, tí ó ni ilẹ̀ náà, ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ààlà.

Brandywine fúnra rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà 301 àti ọ̀nà 5 ti súnmọ́ ara wọn, ní gúúsù ìlà-oòrùn Washington. Ilẹ̀ tábà ni tẹ́lẹ̀, àwọn ẹrú sì ni wọ́n ro ó. Ìkànìyàn 2020 ka 10,550 olùgbé níbẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tuntun ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, àwọn ìdílé Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ń rà wọ́n: nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, awakọ̀, àwọn tí ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Iṣẹ́ tí a kò lè fi kọ̀ǹpútà ṣe láti ilé ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Nígbà tí a ní kí gbogbo ayé jókòó sílé ní 2020, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n jáde.

Afẹ́fẹ́ tí àyà wọn ń padà sí kò tún rọrùn. Ilé iṣẹ́ amúnáwá tí ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ ti wà ní Brandywine láti àwọn ọdún 1990. Ní Chalk Point, lẹ́bàá odò Patuxent, ni èyí tí ń jó èédú wà, wọ́n sì ń da eérú èédú rẹ̀ sí ààtàn kan ní Brandywine fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kẹfà 2021 ni àwọn ẹ̀rọ èédú ibẹ̀ tó dákẹ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Maryland fọwọ́ sí i ní 2015 pé kí wọ́n tún kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá Mattawoman sí àdúgbò náà, àwọn ará ìlú, lábẹ́ Brandywine TB Coalition àti Patuxent Riverkeeper, pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò Earthjustice, kọ ẹ̀sùn sí ìjọba àpapọ̀ ní 2016. Wọ́n lo òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, èyí tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ nínú iṣẹ́ tí owó ìjọba bá wọ̀. Ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà di àdéhùn, tí àwọn ẹ̀ka ìjọba Maryland fi gbà láti yí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ará ìlú padà. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ìlú kan tí ó ti bá ìjọba jà lórí èémí kí COVID-19 tó dé kò yẹ kí a máa sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé 2020 ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ní ìgbà ìrúwé 2020, ilé ìwòsàn ní Prince George's kún débi pé wọ́n tún ṣí èyí tí wọ́n ti pa tì ní Laurel láti fi gba aláìsàn. Ẹni tí kò bá le jù ni a ní kí ó padà sílé, kí ó máa fi ẹ̀rọ oximeter mú ọmọ ìka láti wo ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí 92 tàbí 95, kí ó fọkàn balẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí jáde nínú New England Journal of Medicine. Wọ́n mú àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ náà kà láàrin 92 sí 96, wọ́n sì fi wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ tí a fà gan-an fi hàn. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Michigan, ìdá 11.7 nínú 100 ni ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ kọjá 88 láìjẹ́ pé ẹ̀rọ náà sọ ọ́. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 3.6 ni. Iná tí ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú awọ kọjá ni ó ń fi ṣírò, àwọ̀ ara sì ń dí iná náà lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń sọ nínú yàrá rẹ̀ pé òun kò lè mí, tí ìka rẹ̀ sì ń sọ pé kò sí nǹkan, lè jẹ́ pé òun ni ó sọ òótọ́.

Àwọn aláìsàn fúnra wọn ni wọ́n sọ àṣẹ́kù àrùn yìí lórúkọ. Ní oṣù Karùn-ún 2020, Elisa Perego, ará Ítálì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, lo ọ̀rọ̀ náà Long COVID lórí Twitter láti fi ròyìn ara rẹ̀. Àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ ìwádìí sílẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn léèrè, wọ́n ń ṣe àkójọ ìdáhùn. Ní oṣù Kejìlá, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà fún National Institutes of Health, tí ó wà ní Bethesda ní county tí ó bá Prince George's pààlà, ní 1.15 bílíọ̀nù dọ́là láti ṣèwádìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìtumọ̀ kan kalẹ̀, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo àmì U09.9 fún un nínú ìwé ilé ìwòsàn. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Keje, ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ó lè jẹ́ àìlera tí òfin Americans with Disabilities Act dáàbò bò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìhà tí kò sí nínú ìwé 1918 ti wà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n òfin ń fẹ́ ẹ̀rí. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ gbé e kúrò níbi tí ó ti ń gbé aláìsàn lọ́wọ́ sí orí ìjókòó, tàbí jagunjagun tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí irú wọn kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè ibùdó òfúrufú Andrews, gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá pé ẹ̀dọ̀fóró òun kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ohun èlò tí a fi ń mọ̀ ni spirometer, tí John Hutchinson ṣe ní London ní àwọn ọdún 1840: a ó fa èémí sínú, a ó sì fẹ́ ẹ jáde tagbáratagbára, ẹ̀rọ yóò sì ka iye atẹ́gùn náà. Lẹ́yìn náà ni a ó fi iye yìí wé èyí tí ó yẹ fún ẹni tí ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ «tí ó yẹ» yìí ni ìtàn burúkú kan ti wọlé.

Thomas Jefferson, tí ó ní ẹrú ní Virginia ní òdìkejì odò Potomac, ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ nípa Virginia ní àwọn ọdún 1780 pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláwọ̀ dúdú lè yàtọ̀. Samuel Cartwright, dókítà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tí òun náà ní ẹrú, gbé spirometer ní àwọn ọdún 1850, ó ní agbára èémí àwọn aláwọ̀ dúdú fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín kù, ó sì fi èyí ṣàlàyé pé iṣẹ́ àfipáṣe ń ṣe ara wọn lóore. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1869, Benjamin Gould tẹ ìwọ̀n àwọn ọmọ ogun jáde, tí ti àwọn aláwọ̀ dúdú fi kéré sí ti aláwọ̀ funfun. Kò wo irú oúnjẹ tí wọ́n jẹ dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò wo irú ilé tí wọ́n sùn. Lundy Braun, tí ó tọpasẹ̀ gbogbo èyí nínú ìwé kan ní 2014, fi hàn pé àwọn iye wọ̀nyí ń gba ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi di apá kan nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, bọ́tìnnì kan wà tí a ń tẹ̀: aláwọ̀ dúdú, kí a yọ ìdá 10 sí 15 kúrò nínú ohun tí ó yẹ kí ó ní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe fún ẹni tí àṣẹ́kù àrùn wà lára rẹ̀. Ká ní àìsàn ti gba ìdá 12 nínú agbára èémí obìnrin kan. Bí a bá ti kọ́kọ́ dín ohun tí ó yẹ kí ó ní kù ní ìdá 12, ohun tí àrùn gbà kò ní hàn mọ́. Ìwé yóò sọ pé ó pé. Ní 1999, ní Baltimore, ilé iṣẹ́ Owens Corning gbìyànjú láti lo ìyàtọ̀ yìí nílé ẹjọ́, kí ó lè ṣòro fún àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí asbestos bá ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ láti pe ẹjọ́. Adájọ́ kọ̀ ọ́. Ohun tí adájọ́ kọ̀ nílé ẹjọ́ ṣì ń ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo nínú yàrá àyẹ̀wò.

Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdíjú tirẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dọ̀fóró jùmọ̀ gbé jáde ní 2012, GLI 2012, ní ìsọ̀rí fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kò ní ti àwọn ará Áfíríkà gúúsù Sàhárà, nítorí pé ìwọ̀n tí wọ́n kó jọ láti ibẹ̀ kò tó. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn, tí ó wá ń gbé Brandywine, ni a fi wé àwọn tí baba ńlá wọn ti ro oko tábà Maryland, nítorí àwọ̀ ara nìkan.

Ní 2023, American Thoracic Society dámọ̀ràn pé kí a fi ẹ̀yà sílẹ̀, kí a lo ìṣirò kan fún gbogbo ènìyàn, èyí tí a ń pè ní GLI Global. Ní 2024, James Diao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ohun tí ìyípadà náà lè dá padà: owó àìlera tí àwọn jagunjagun aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ń gbà lè fi ohun tí ó lé ní 1 bílíọ̀nù dọ́là pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ń kìlọ̀ pé ìṣirò tuntun lè mú kí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ tàbí iṣẹ́ kan fún ẹni tí wọn ìbá ti fún tẹ́lẹ̀, nítorí pé èémí rẹ̀ yóò wá dà bí ẹni pé ó kéré. Àríyànjiyàn náà ní ìdí, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí COVID-19 ṣe ní Prince George's ní 2020 àti 2021 ni wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ náà kí ìmọ̀ràn yìí tó jáde, wọ́n sì ti gba ìwé tí ó sọ pé kò sí nǹkan. Ìwé náà ṣì wà. Orúkọ ìṣirò tí wọ́n lò sábà máa ń wà lórí rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré: NHANES III, tàbí GLI 2012, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó sọ irú ènìyàn tí wọ́n ka ẹni náà sí. Iye atẹ́gùn tí ó fẹ́ jáde lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní lítà, a sì lè tún un ṣírò láìjẹ́ pé ó tún fẹ́ ẹ.